Nígbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Rẹfirí Yí Ìpinnu Rẹ̀ Padà?

    Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé wa yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa eré ìdárayá. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n ka orúkọ àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ nígbà náà, kí n sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tipẹ́. Ó kan bọ́ọ̀lù, ó kan ìtàn, ó sì kan èmi àti ẹnìkan nínú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé òpin.

Ṣé ẹ rántí pápá wa? Pápá tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, àkèré ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku kò ní jẹ́ kí o mọ ẹni tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ. Ẹ rántí ariwo ọkọ̀ láti òpópónà Badagry, àwọn kọ̀ndọ́ tí ń pe Máìlì Tú, tí ń pe Ọ̀kọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn a kì í gbọ́ fèrè rẹfirí. Ní ọdún tí a wà ní SS Tú, ìdíje ilé sí ilé dé àṣekágbá. Ilé tèmi ti já tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi ní àsíá kan pé kí n ṣe láínsìmáànù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ló ń ṣọ́lé fún ilé tó ti jẹ góòlù kan ṣíwájú.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni ọmọkùnrin kan láti ilé kejì gbá bọ́ọ̀lù kan tí n kò ní gbàgbé láé. Bọ́ọ̀lù náà gba igi òkè, ó já lulẹ̀ lẹ́yìn ìlà ẹfun, ó sì ta padà síta. Olùkọ́ tó ń fọn fèrè wà lókèèrè, nítòsí àárín pápá. Ó juwọ́ pé kí eré máa lọ. Nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ ń pariwo, ó dá eré dúró díẹ̀, ó wojú mi. Ojú mi rí bọ́ọ̀lù náà kedere. Èmi nìkan ni mo wà ní ọ̀gangan ìlà. Ṣùgbọ́n mo wo ọ̀rẹ́ mi lójú ilé, mo wo olùkọ́ tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò wọlé, mo sì wolẹ̀. Mi ò gbé àsíá. Bí wọ́n ṣe pàdánù pẹ̀lú góòlù kan sí òdo nìyẹn. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn sunkún, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ó wọlé, ó wọlé. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Orúkọ tí a fi ń pè é títí a fi ṣe ìdánwò àṣejáde ni Ó-Wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí: nígbà wo ni ó tọ́ kí rẹfirí yí ìpinnu tó ṣì ṣe padà, nígbà wo ni ó sì ti pẹ́ jù? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fèrè rẹfirí náà, ẹyin ni. Ṣùgbọ́n òfin bọ́ọ̀lù fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹyin náà tó balẹ̀. Òfin Karùn-ún, tó dá lórí iṣẹ́ rẹfirí, sọ pé bí rẹfirí bá rí i pé òun ti ṣì ṣe, tàbí bí láínsìmáànù rẹ̀ bá pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, ó lè yí ìpinnu náà padà níwọ̀n ìgbà tí eré kò bá tíì tún bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì fòpin sí ìdíje. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ẹ ò rí i pé àyè náà kéré? Nígbà mìíràn kò tó ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú kan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Kò sí ará Èkó tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún tí kò ní rántí ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000. Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n jọ gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà lálejò ní ọdún náà, àṣekágbá sì bọ́ sí Pápá-ìṣeré Ìjọba Àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, ibi tí kò ju ká wọkọ̀ láti Mazamaza dé Máìlì Tú, ká gba Ọ̀rílé, ká sì dé ibẹ̀. Kamẹrúùnù ni a kò lójú. Samuel Eto'o jẹ góòlù kan, Patrick Mboma jẹ ìkejì, gbogbo Èkó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kí abala kìn-ín-ní tó parí, Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, Jay-Jay Okocha gbá ọ̀kan láti òkèèrè, ó di méjì sí méjì. Wọ́n gbá a títí tó fi di 120 ìṣẹ́jú, kò yí padà. Ó wá di pẹnárítì.

Aṣọ́lé Kamẹrúùnù, Alioum Boukar, gba ti Kanu Nwankwo. Lẹ́yìn náà ni Victor Ikpeba jáde, ẹni tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Áfíríkà ní ọdún 1997. Ó gbá a sókè. Bọ́ọ̀lù gba igi òkè, ó já lulẹ̀, ó ta jáde. Mourad Daami, rẹfirí ọmọ ilẹ̀ Tùnísíà, ní kò wọlé. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tún un fi hàn, bọ́ọ̀lù náà ti kọjá ìlà. Ṣùgbọ́n àwòrán kò ní agbára kankan lọ́jọ́ náà. Rigobert Song gbá èyí tó gbẹ̀yìn wọlé fún wọn, Kamẹrúùnù sì fi mẹ́rin sí mẹ́ta gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé wa. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1988, ní Casablanca, nínú àṣekágbá ife kan náà, pẹ̀lú Kamẹrúùnù kan náà, Henry Nwosu fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí ní kò jẹ́. Pẹnárítì Emmanuel Kundé ló bá wa jẹ́, òdo sí ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ mọ bí ilé ṣe dà.

Ní tèmi o, nígbà tí bọ́ọ̀lù Ikpeba ta jáde ní ọdún 2000, ara mi bù máṣọ. Inú ilé àna mi ni mo wà. Gbogbo èèyàn ń bú rẹfirí, èmi ò lè bú u. Igi òkè ni, ìlà ni, ẹnìkan tó yẹ kó rí i ni. Mo mọ ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí a tún bọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1966, ní Wembley nílùú London, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń gbá àṣekágbá Ife Àgbáyé. Ó di méjì sí méjì, wọ́n wọ àfikún àsìkò. Geoff Hurst gbá bọ́ọ̀lù, ó gba igi òkè, ó já lulẹ̀. Rẹfirí náà, Gottfried Dienst, ọmọ Switzerland, kò mọ̀ bóyá ó wọlé. Kí ló ṣe? Ó rìn lọ bá láínsìmáànù rẹ̀, Tofiq Bahramov, ọmọ Azerbaijan, ó bi í. Ìyẹn ní ó wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi mẹ́rin sí méjì borí. Títí di òní àwọn ará Jámánì ṣì ń jiyàn pé kò wọlé. Bóyá wọ́n jàre, bóyá wọn kò jàre, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé Dienst béèrè. Kò ti ojú ẹgbàárùn-ún lọ́nà mẹ́wàá èèyàn pé kò mọ̀. Ẹni tó béèrè lè ṣì ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ti pinnu pé òun kò fẹ́ mọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà, orílẹ̀-èdè méjì yìí tún pàdé. Jámánì ti jẹ méjì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ ọ̀kan. Frank Lampard gbá tirẹ̀, ó gba igi òkè, ó já lulẹ̀ lẹ́yìn ìlà dáadáa. Jorge Larrionda ti Uruguay àti láínsìmáànù rẹ̀ ní eré kò dúró. Ó parí sí mẹ́rin sí ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni Sepp Blatter, ààrẹ FIFA nígbà náà, tọrọ àforíjì. Ní oṣù Keje ọdún 2012, àwọn tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù gbà pé kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tí yóò sọ fún rẹfirí bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà. Ọdún 2014 ni wọ́n lò ó ní Ife Àgbáyé. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn Ikpeba! Àwa Nàìjíríà ti san owó ilé-ìwé náà ṣáájú wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni eré. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a lọ sídìí rọ́gbì, eré tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fúnra rẹ̀ rí bí ẹyin. A kò gbá a ní ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Victor Ubogu, tí wọ́n bí ní Èkó, àti Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, gbé aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ní àwọn ọdún 1990. Nínú eré yẹn, ọ̀wọ̀ rẹfirí ga ju ti bọ́ọ̀lù lọ. "Sà" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá ikọ̀ nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀ lórí ìpinnu rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá la ẹnu, ó lè fi ìyà jẹ gbogbo ikọ̀. Ẹ ó rò pé níbi tí ọ̀wọ̀ bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, rẹfirí kò ní yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láé. Ẹ gbọ́ ìtàn méjì.

Èyí àkọ́kọ́: ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ní Twickenham nílùú London, Ife Àgbáyé rọ́gbì, Skọ́tíláǹdì àti Ọsirélíà. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, Skọ́tíláǹdì fi 34 sí 32 ṣíwájú. Craig Joubert, rẹfirí ọmọ Gúúsù Áfíríkà, fọn fèrè, ó ní ọmọ Skọ́tíláǹdì kan gbá bọ́ọ̀lù mú níbi tí kò yẹ kó wà, ó sì fún Ọsirélíà ní pẹnárítì. Bernard Foley gbá a wọlé, ó di 35 sí 34, Skọ́tíláǹdì já. Ní ọjọ́ kejì, àjọ rọ́gbì àgbáyé jáde sọ pé àṣìṣe ni: ọmọ Ọsirélíà kan ti fara kan bọ́ọ̀lù náà kó tó dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, nítorí náà sìkírọ́ọ̀mù ló yẹ kó fún wọn, kì í ṣe pẹnárítì. Òfin ìgbà náà kò sì jẹ́ kí Joubert bi ẹni tó ń wo fídíò léèrè lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó yẹ kó gbà jáde, wọ́n ti tì í.

Èyí ìkejì: ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2017, ní Eden Park nílùú Auckland, ìdíje kẹta láàárín New Zealand àti ikọ̀ Lions. Maro Itoje, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí London, wà nínú ikọ̀ Lions lórí pápá. Ìdíje kìn-ín-ní, New Zealand ló jẹ. Ìkejì, Lions ló jẹ. Ìkẹta yìí wà ní 15 sí 15, ó kù ìṣẹ́jú díẹ̀. Romain Poite, rẹfirí ọmọ Faransé, fún New Zealand ní pẹnárítì, níbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbá a wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ó dá eré dúró, ó wo fídíò, ó bá àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì yí i padà: ó ní ọmọ Lions náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó fún wọn ní sìkírọ́ọ̀mù dípò pẹnárítì. Wọ́n ta ọ̀mì. Àwọn ará New Zealand bínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà títí di òní pé ìpinnu àkọ́kọ́ ló tọ́.

Ẹ gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n bú ẹni tí kò yí i padà, wọ́n bú ẹni tó yí i padà. Nítorí náà, bí èébú bá jẹ́ ohun tí rẹfirí ń sá fún, kò sí ibi tí yóò sá sí. Ṣùgbọ́n Poite ní àǹfààní kan tí Joubert kò ní: ó tún un wò nígbà tí ẹyin ṣì wà lófuurufú. Bí ó bá ṣì ṣe, kì í ṣe pé ó kọ̀ láti wò.

Ẹ̀yin kan á sọ pé, "Bó bá ti pẹ́ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n má tún un ṣe ni?" Ìlẹ̀ wa ní ìtàn lórí ìyẹn náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Gúúsù Áfíríkà àti Sẹ̀nẹ̀gàl pàdé ní Polokwane láti wá ọ̀nà dé Ife Àgbáyé. Joseph Lamptey, rẹfirí ọmọ Gánà, fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹnárítì pé Kalidou Koulibaly fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Orúnkún ni bọ́ọ̀lù bà, gbogbo ayé rí i. Méjì sí ọ̀kan ni Sẹ̀nẹ̀gàl fi pàdánù. FIFA gbé e yẹ̀wò, wọ́n ní kì í ṣe àṣìṣe ojú lásán, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ darí ìdíje náà ni, wọ́n sì lé e kúrò nídìí iṣẹ́ títí ayé. Wọ́n fagi lé ìdíje náà, wọ́n tún un gbá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Sẹ̀nẹ̀gàl jẹ méjì sí òdo, wọ́n sì lọ sí Rọ́ṣíà. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Lẹ́yìn tí eré bá ti parí, kì í ṣe àṣìṣe ojú ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ da èsì nù. Ojúsàájú àti ẹ̀tàn ni. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo àṣìṣe ojú máa da èsì nù, kò sí ìdíje tí yóò parí láyé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fẹ́ kó ẹyin tó ti fọ́, ẹ wo ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ní Limbe ní Kamẹrúùnù. Màlì ń fi ọ̀kan sí òdo lu Tùnísíà nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Janny Sikazwe, rẹfirí ọmọ Zambia, fọn fèrè ìparí ní ìṣẹ́jú 85. Wọ́n pariwo, ó yí i padà, eré tẹ̀ síwájú. Ìyẹn ṣe é ṣe, nítorí gbogbo èèyàn ṣì wà lórí pápá. Ṣùgbọ́n ó tún fọn ìparí kí 90 ìṣẹ́jú tó pé. Nígbà tí àwọn aláṣẹ yóò fi ní kí wọ́n padà wá gbá èyí tó kù, àwọn ọmọ Tùnísíà ti wọ yàrá, wọ́n ti bọ́ aṣọ, wọ́n kọ̀, wọn ò jáde. Màlì ló gbà á. Sikazwe sọ lẹ́yìn náà pé ooru ọjọ́ náà ló mú òun. Ẹnìkan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, fèrè kan náà ni: àtúnṣe àkọ́kọ́ bọ́ sákòókò, ìkejì kò bọ́ sí i mọ́.

Ẹ má sì rò pé ìbínú lè ṣe iṣẹ́ tí rẹfirí kò ṣe. Ní Accra ní ọdún 1978, nígbà tí àwa àti Tùnísíà ń du ipò kẹta, ó wà ní ọ̀kan sí ọ̀kan nígbà tí àwọn ọmọ Tùnísíà bínú sí ìpinnu rẹfirí, wọ́n kúrò lórí pápá ní ìṣẹ́jú 42. Wọn ò padà. Wọ́n fún wa ní méjì sí òdo àti àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Bóyá rẹfirí ṣì ṣe, bóyá kò ṣì ṣe, ẹni tó fi pápá sílẹ̀ ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan tó dùn mọ́ mi kún un. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2019, ní Cairo, Super Eagles àti Gúúsù Áfíríkà pàdé ní ìpele mẹ́jọ tó kù nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Ìpele yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo fídíò tí wọ́n ń pè ní VAR nínú ìdíje náà. Samuel Chukwueze ti jẹ ọ̀kan fún wa. Bongani Zungu fi orí kan tiwọn wọlé, láínsìmáànù gbé àsíá pé ó ti wà lẹ́yìn àwọn ará ẹ̀yìn wa jù. Inú wa dùn. Rẹfirí dúró, wọ́n wo fídíò, wọ́n rí i pé ara ọmọ wa kan ni bọ́ọ̀lù ti ta lọ bá a. Ó yí i padà, ó fún wọn ní góòlù wọn. Ó dùn wá, àbí kò dùn wá? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, William Troost-Ekong jẹ ìkejì, a sì wọlé. Kò sí ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó lè sọ lọ́jọ́ náà pé a jí i jẹ. Èyí ni èrè ìpinnu tí a tún ṣe lásìkò: ẹni tó jẹ á jẹ láìsí àríwísí, ẹni tó pàdánù á lè sùn.

Kí wá ni mo rí fà yọ? Ẹ̀yin olùkọ́ wa ló kọ́ wa pé kí a má ka ìtàn láìfa nǹkan yọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí rẹfirí yí ìpinnu padà nítorí ohun tí òun tàbí ẹlẹ́rìí rẹ̀ rí, kì í ṣe nítorí ariwo. Bó bá yí i padà fún ariwo lẹ́ẹ̀kan, ariwo ni yóò máa fọn fèrè títí eré yóò fi parí.

Lẹ́ẹ̀kejì, kó ṣe é kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan sàn ju ẹ̀dùn ogún ọdún lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bí àsìkò bá ti kọjá, kó má ṣe fi òmíràn dí i. Ẹ mọ àwọn rẹfirí tó bá fún ẹgbẹ́ kan ní pẹnárítì tí kò tọ́, tí yóò wá máa wá èyí tí yóò fún ẹgbẹ́ kejì kó lè dọ́gba. Àṣìṣe méjì ni ìyẹn, kì í ṣe àtúnṣe.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, bó ti wù kó pẹ́ tó, kó sọ òtítọ́. Èsì lè má yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè ní onírọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ pé kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti pápá nìkan. Àwọn kan nínú wa ti di ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn kan ti di adájọ́, àwọn kan ń darí ilé-iṣẹ́, gbogbo wa la sì ń dá ẹjọ́ ọmọ nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti lu ọmọ tí kò jẹ̀bi, tí a rí òtítọ́ kí omijé rẹ̀ tó gbẹ, tí a ní, "Kò burú, ti ọjọ́ mìíràn ni mo fi lù ọ́"? A ń bẹ̀rù pé bí a bá yí i padà, ọ̀wọ̀ wa á dínkù. Ṣùgbọ́n Dienst béèrè, ilé kò wó lù ú.

Mo wá padà sí pápá wa. Olùkọ́ tó fọn fèrè lọ́jọ́ náà kò jẹ̀bi. Ó dá eré dúró, ó wo ẹni tó yẹ kó wò. Ó ṣe ohun tí rẹfirí rere ń ṣe. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni kò sọ òtítọ́, èmi sì ni ẹlẹ́rìí náà. Èèyàn lè yí ìpinnu padà nígbà tí ẹni tó mọ̀ bá la ẹnu nìkan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ju ogún ọdún lọ, mo sì dúpẹ́ pé ó bá mi láàyè.

Nítorí náà, ìwọ tí à ń pè ní Ó-Wọlé, mo mọ̀ pé wàá ka ìwé yìí, nítorí o kì í pa àpéjọ jẹ. Ó wọlé. Mo rí i. Ó kọjá ìlà tó ìbú ọwọ́ kan, ẹfun sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mi ò lè dá ife náà padà fún ilé yín, ọmọ kíláàsì wa kankan kò sì mọ ibi tí ife náà wọlẹ̀ sí mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́, láti òní lọ, ẹ̀rí ló jẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bí a bá pàdé ní àpéjọ, jọ̀ọ́, má fi ọwọ́ sẹ́yìn bí mo bá na tèmi.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́ láé. Ó dìgbà tí a bá tún fojú kanra.